Ilẹ̀ etí odò l'Ógbómọ̀ṣọ́: ta ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ pé "má kọ́ ọ síbẹ̀"?

Ìyá Ìbejì Arówómọlé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó ná owó tí màá kábàámọ̀.

Inú ọyẹ́ oṣù Kìíní ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ra pílọ́ọ̀tì kan àtààbọ̀ lẹ́yìn ìlú. Ilẹ̀ náà gbẹ táútáú. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a fò ó kọjá láì bọ́ bàtà. Ọmọ onílẹ̀ ní odò náà ti kú tipẹ́tipẹ́. Owó rẹ̀ fi púpọ̀ dín sí ti àwọn ilẹ̀ òkè, a ní Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn òjò alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo ní kí n yà wo pílà tí awọnlẹ̀ rì síbẹ̀. Nínú pílà mẹ́rin, méjì ni mo rí. Méjì tó kù wà lábẹ́ omi. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sórí ọ̀kan nínú èyí tí mo rí, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá ṣàlejò.

Èyí tó tún wá ká mi lára ni pé ẹnì kan ti ń múra ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìsàlẹ̀ tiwa pàápàá, oníyàrá méjìlá. Típà ilẹ̀ pupa ni wọ́n ń dà síbẹ̀ lójoojúmọ́. Omi tí kò bá ráyè lọ́dọ̀ tiẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń yà sí. Ṣé kí àwa náà da ilẹ̀ sí tiwa ni, àbí kí a tà á? Ta ló sì yẹ kó dá ẹni ìsàlẹ̀ yẹn dúró?

Bíríkìlà Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń to búlọ́ọ̀kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, mo sì ti bá odò tí wọ́n ní ó ti kú pàdé lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo wọn ló jí.

Fún ẹni tó bá tún fẹ́ rà, ẹ má wo ilẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ lọ, nígbà tí òjò bá padà dé lẹ́yìn ìsinmi oṣù Kẹjọ, tí ilẹ̀ ti mu omi yó. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ẹ lọ, ẹ wo ohun tó hù. Làbẹ́làbẹ́, eèsún, kókò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn: omi ló ń bọ́ wọn. Ẹ wo ihò alákàn. Ẹ bu ilẹ̀ lọ́wọ́, tó bá dúdú tó sì ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì bí ẹ̀kọ, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ gbẹ́ kòtò kan tó dé ìbàdí, ẹ fi ewé bò ó, ẹ padà wá láàárọ̀. Tí ẹ bá bá omi nínú rẹ̀, ẹ kí ọmọ onílẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ tún yọjú sí kànga àwọn aládùúgbò, kí ẹ wo bí okùn tí wọ́n fi ń fà á ṣe gùn tó.

Lórí pé kí ẹ da ilẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ilé kan wà tí èmi fúnra mi kọ́. Mo sọ fún onílé pé ibẹ̀ ò dáa, ó ní owó òun ni. Mo gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ sókè, kóòsì búlọ́ọ̀kù márùn-ún kí a tó da kọnkéré sí i. Omi ò wọ pálọ̀ títí dòní, mo fi yangàn fún ọdún kan. Ọdún kejì ni ìyàwó onílé pè mí ní aago mẹ́fà àárọ̀. Inú ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni omi gbà wọlé. A gbé ilé sókè, sókàwé, ihò tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń ṣàn sí nínú ilẹ̀, wà nísàlẹ̀, omi inú ilẹ̀ kún un, ó sì da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ padà fún wọn. Kànga wọn ò sì ju ogún ẹsẹ̀ bàtà sí sókàwé yẹn. Àwọn ọmọ ilé náà yàgbẹ́ títí wọ́n fi gbé wọn lọ sí ọsibítù. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé "a máa gbé e sókè", sókàwé ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í.

Ọmọ Ajílété ní Sábó

Ẹ̀jẹ̀ńtì tèmi ò pè é ní àbàtà o. Ó ní "afẹ́fẹ́ odò máa ń fẹ́ síbẹ̀, bíi ti Lẹ́kí." 😂

Awọnlẹ̀

Bàbá Bíríkìlà ti sọ tiwọn, ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un. Ìwé ìwọnlẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, ibi tí ilẹ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ló ń sọ. Kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ilẹ̀ náà gbẹ. Tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún awọnlẹ̀, ẹ ní kó ya odò náà sórí pílánù, kó sì wọn bí ilẹ̀ ṣe ga sí láti etí omi títí dé ojú títì. Yóò bu owó díẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n tírípù ilẹ̀ bíi mélòó kan ti ju owó yẹn lọ.

Ohun kan wà tí kì í gbówó lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí Google Earth lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ibi tí ẹ ti lè yí ọjọ́ padà sẹ́yìn, kí ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí kí ilé tó dé. Mo ṣe é fún oníbàárà kan tó fẹ́ ra ilẹ̀ lápá Under G. Àwòrán ẹ̀ẹ̀rùn ni mo yàn, gbogbo àyíká ti gbẹ, ó pọ́n, ṣùgbọ́n ìlà ewé tútù kan là á já gba àárín ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún un. Ojú odò nìyẹn. Ó kó owó rẹ̀ padà sápò.

Ẹ tún jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan, torí àwọn èèyàn rò pé odò nìkan ló ń fa omíyalé. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 gba irú ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó bẹ́ẹ̀ tó 465. Tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, èyí tí kì í ṣe tuntun l'Ógbómọ̀ṣọ́, omi tó bọ́ sórí pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ju lítà 23,000 lọ, ìyẹn ju táńkà omi onílítà 10,000 méjì. Nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ oko kajú, ilẹ̀ ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá fi páànù bo àárín, kí ẹ fi íńtálọ́ọ̀kì bo ìyókù, kí ẹ ka ilé ogójì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ta ni ẹ rò pé ó ń gba gbogbo táńkà yẹn?

Bàbá Ètò Ìlú (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ọmọ mi Ìyá Ìbejì, ìbéèrè rẹ ìkẹyìn ni màá dáhùn, torí òun ni mo fi ayé mi ṣe.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Abẹ́ òfin yẹn ni C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ti ń jáde. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 jẹ́ ọ̀tọ̀, òun ló ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà. Ẹ má wulẹ̀ kọ lẹ́tà sí Àbújá. Ọ́fíìsì ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ lọ. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gba Ìbàdàn lọ, sí sẹkitéríàtì ní Agodi.

Àwọn èèyàn máa ń da ìwé méjèèjì pọ̀. C of O ń sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ń sọ ohun tí ẹ lè kọ́ síbẹ̀ àti ibi tí ẹ gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Mo mọ àwọn tó fi férémù gbé àkọ́kọ́ kọ́ ògiri tí wọn ò bèèrè ìkejì rí.

Àyè tí a ń fi sílẹ̀ létí omi kì í dọ́gba, ti odò ńlá ju ti ìṣàn kékeré lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ti odò yín sílẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n láti ibi tí omi dé nígbà tó kún. Mo ti rí ẹni tó wọ̀n ọ́n láti àárín odò nínú oṣù Kejì. Odò ò bá a dúró síbẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà tí òrùlé bá ti gun orí ilé la máa ń wá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára rẹ̀. Òdodo ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà la kì í mọ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, èèyàn mẹ́rin ni wá, ọ̀kadà kan, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ dè wá lọ́rùn. Ẹni tó mọ̀ pé ibi tí òun ń kọ́lé sí ò dáa, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú ló máa fi ṣe ìpìlẹ̀. Kí a tó gbọ́, ó ti dé líńtẹ́ẹ̀lì. Tó bá sì ti dé líńtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ìpè á wá láti òkè, pásítọ̀ á dé, àáfà á dé, ìyá arúgbó á kúnlẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti pa fáìlì dé rí nítorí irú ẹkún bẹ́ẹ̀, odò sì gba ilé náà lọ́wọ́ wọn nígbà tó yá.

Ọjọ́ tí ẹ bá rí èèkàn àti okùn tí bíríkìlà ta sílẹ̀ ni kí ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan fún yín, kí ẹ gbé e padà wálé. Ẹ fi àwòrán kún un. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ máa ń wu olóyè ọ́fíìsì láti dìde.

Ọlọ́kadà Tákíẹ̀

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló dáa, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ òkè báyìí? Èmi tí mo ń gun ọ̀kadà, ilẹ̀ etí odò yẹn nìkan ni owó mi ká. Tí òfin bá ní kí n kúrò, ṣé òfin máa fún mi ní ibòmíì? Ilé olówó náà wà létí omi, wọn ò kọ àmì pupa sí i. Tiwa ni wọ́n máa ń rí.

Bàbá Ètò Ìlú (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ọmọ mi, o ò purọ́. Òfin tó ń lé tálákà lórí ilẹ̀ omi tí kò pín ilẹ̀ gbígbẹ fún un, ó kàn ń sún un láti odò kan lọ sí òmíràn ni. Ó yẹ kí ìjọba la ilẹ̀ kéékèèké sílẹ̀ lókè, kó tà á ní owó pọ́ọ́kú, kó tó gbé katapílà jáde. A kọ irú àbá bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Bóyá eku ti jẹ ẹ́.

Aya Ògbómọ̀ṣọ́, Ọmọ Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí odò Ògùnpa n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òjò náà ò dáwọ́ dúró. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni odó ìyá mi, odó igi ńlá, tó gbéra nílẹ̀ kíṣìnnì tó ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ jáde. Bàbá gbé wa gun orí àjà. Èèyàn tó bá omi náà lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn nígbà náà mọ̀ pé ilé ti gorí etí odò, ìdọ̀tí sì ti di odò lọ́nà.

Ṣé a kọ́gbọ́n? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, afárá wó, ó tún ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó lọ yá igba mílíọ̀nù owó dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti tún ojú omi Ìbàdàn ṣe. Ògbómọ̀ṣọ́ ò tíì rí irú rẹ̀. Ọlọ́kadà, arákùnrin mi, àwọn tó kú l'Ógùnpa, irú wa ni.

Tọ́kunbọ̀ ní Họ́láńdì

Ẹ kú ìjíròrò. Ibi tí mo wà yìí, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn ló rẹlẹ̀ ju òkun lọ, odi ni wọ́n fi ń dá omi dúró láti ayébáyé. Ní 1993 àti 1995 odò wọn kún débi pé ní 1995 wọ́n ní kí nǹkan bí 250,000 èèyàn fi ilé sílẹ̀. Láti ìgbà náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sún odi sẹ́yìn kúrò létí odò, wọ́n kó àwọn oko àti ilé kan kúrò, wọ́n dá àyè padà fún odò. Wọ́n lówó, wọ́n ní ẹ̀rọ, síbẹ̀ wọ́n yẹ̀ fún un.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Tí onímọ̀ bá sọ pé "irú omi yìí, ẹ̀ẹ̀kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún," a máa rò pé ó di ayé ọmọ-ọmọ wa. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọdọọdún ni ó ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pé kó dé. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni pé á bá a pàdé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Akọ̀wé Lándílọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àdúgbò wa ṣe, kì í ṣe pé a gbọ́n jù, omi ló lù wá.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Òwe yìí la máa ń fi parí ìpàdé, a ó pàtẹ́wọ́, a ó túká. Lọ́jọ́ kan ìyá kan dìde ní ìpàdé, ó ní, "Ilé tó ti wà lòwe yẹn ń sọ. Ilé tí wọn ò tíì kọ́ ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn ló jí wa.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá kan, a rin etí odò láti ibi kọ́fátì, páìpù tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, títí dé ìsàlẹ̀. Ibikíbi tí koríko bá ti dùbúlẹ̀ tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà há sí ẹ̀ka igi, a fi ọ̀dà funfun sàmì sí igi náà. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn, omi fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀rá wọn ilẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn náà la lọ bá mọ́gàjí ìdílé tó ni ilẹ̀, a mú obì dání. A jọ fọwọ́ sí ìwé pé ìsàlẹ̀ àmì funfun, wọn ò ní tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Oko ẹ̀fọ́ ni wọ́n máa fi yá èèyàn, kí owó má baà gbẹ lọ́wọ́ wọn. Tí a ò bá wá ibi tí owó máa gbà wọlé fún wọn, ìwé yẹn ì bá ti di ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà.

Ẹnì kan ṣá rú u. Ó mọ fẹ́ǹsì gba ìsàlẹ̀ àmì. A kọ lẹ́tà olóǹtẹ̀, ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó wá. A kan sọ fún gbogbo bíríkìlà àdúgbò pé ẹni tó bá to búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, kó má retí iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ́. Ìyẹn yá ju lẹ́tà lọ. Ẹ tún yẹ kọ́fátì yín wò: páìpù ẹyọ kan tí wọ́n rì nígbà tí ilé jẹ́ mẹ́wàá ò lè gba omi ilé ọgọ́ta, pàápàá tí bẹ́ẹ̀dì àlòkù kan bá há sínú rẹ̀ bíi ti wa.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ìsàlẹ̀ Odò

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọdún kejìdínlógún nìyí tí mo ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí àkùrọ̀. Omi á wá, á lọ, á fi ilẹ̀ dúdú sílẹ̀ fún mi, mi ò ra ajílẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n ní Ọjà Ìgbò, tèmi wà ńbẹ̀. Ilé ló ń lé mi kiri. Tí ẹ ò bá lè kọ́ nǹkan síbẹ̀, ẹ fún wa.

Ìyá Ìbejì Arówómọlé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo padà wá jábọ̀.

A gbẹ́ kòtò tó dé ìbàdí. A ò tilẹ̀ dúró di àárọ̀. Kí bàbá àwọn ọmọ tó mu píọ́ wọ́tà kan tán, omi ti dé kókósẹ̀ nínú rẹ̀. A jókòó sétí kòtò, a ń wò ó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Mo gbé lẹ́tà lọ, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọkùnrin méjì wá lẹ ìwé mọ́ búlọ́ọ̀kù ẹni ìsàlẹ̀, pé kó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Lójú ọ̀sán, típà ò wá mọ́. Lóru ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà kejì.

Ọmọ onílẹ̀ kọ́kọ́ bínú. Mo ní kó jẹ́ kí a jọ lọ wo pílà méjì tó wà lábẹ́ omi, kó bọ́ bàtà rẹ̀, kó bá mi fọwọ́ kàn wọ́n. Kò bọ́ ọ. A dúnàádúrà títí, ó ní òun á fún wa ní ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì lókè, lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n òun, kí pílọ́ọ̀tì kan tó kù nísàlẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa. Ààbọ̀ kéré o, yàrá méjì àti pálọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ti yọjú sínú kànga wọn, okùn rẹ̀ gùn.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá wo ìsàlẹ̀ yẹn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ìbejì ń bọ̀ wá ràn yín lọ́wọ́ láti kọ ebè. Ẹ wọ bàtà òjò, ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ò tíì kó kúrò.